Aklampa Lẹ́yìn Òkè Ìdáàṣà: Bí Ìròyìn Ilé-Ìwé Ṣe Ń Wọ Inú Ilé

Ní ojú ewé ti ẹbí yìí, ìròyìn ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni a sábà máa ń mú wá fún yín: ọjọ́ ìwọlé, ọjọ́ ìdánwò, ọjọ́ ìpàdé òbí àti olùkọ́, ọjọ́ tí àwọn ọmọ yóò gba ìsinmi. Ọ̀pọ̀ òbí a máa fi ojú gán-án-ní rẹ̀, wọn a sì ká ìwé náà sílẹ̀, bí ẹni pé ọ̀rọ̀ kékeré ni. Lọ́tẹ̀ yìí, ẹ jẹ́ kí a rìn jìnnà díẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a kọjá ibodè Sẹ̀mẹ̀, kí a wọ orílẹ̀-èdè Benin, kí a lọ wo ìlú kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Aklampa. Níbẹ̀ ni a ó ti rí i pé ìròyìn ilé-ìwé kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré rárá. Bí ó bá dé etí òbí lásìkò, ọmọ yóò jókòó nínú kíláàsì. Bí kò bá dé, ibòmíràn ni ọmọ yóò bá ara rẹ̀.

ỌNÀ TÍ Ó LỌ SÍBẸ̀

Ẹni tí ó bá gbéra ní Kútọnu yóò kọjú sí àríwá, yóò gba Allada kọjá, yóò dé Bohicon tí ó wà lẹ́bàá Abomey, ìlú àwọn ọba Dahomey àtijọ́. Títí dé ibẹ̀, ilẹ̀ tẹ́jú, ọ̀nà sì gún. Lẹ́yìn Bohicon ni òkúta bẹ̀rẹ̀ sí yọrí láàárín igbó. Nígbà tí ọkọ̀ bá ti rin nǹkan bí 200 kìlómítà láti Kútọnu, òkè yóò yí arìnrìn-àjò ká lọ́tùn-ún lósì. Ó ti dé Dassa-Zoumè nìyẹn, tí àwa Yorùbá mọ̀ sí Ìdáàṣà. Ìlú òkè 41 ni wọ́n máa ń pè é. Ẹni tí ó bá ti rí Olúmọ ní Abẹ́òkúta, tàbí tí ó ti gun òkè Ìdànrè, yóò mọ irú òkúta tí a ń wí.

Kì í ṣe ẹwà nìkan ni òkè wọ̀nyí wà fún. Ní ayé ogun, nígbà tí àwọn ọmọ ogun Abomey ń kó ènìyàn lẹ́rú, orí òkè àti inú ihò àpáta ni àwọn ará Ìdáàṣà àti àwọn Máhì, aládùúgbò wọn, sá sí. Ìtàn àwọn ará Ìdáàṣà sọ pé láti ilẹ̀ Ẹ̀gbá ni baba ńlá àwọn ọba wọn, Jagun Ọlọ́fin, ti wá. Ọmọ Yorùbá tí ó bá fara balẹ̀ tẹ́tí sí èdè wọn yóò gbọ́ púpọ̀ nínú rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ nínú àwa ọmọ Ìjọ ló ti mọ Dassa nítorí Ìyá wa Màríà. Láti ọdún 1954 ni wọ́n ti ń ṣe ìrìn-àjò mímọ́ lọ sí ẹsẹ̀ òkè Arigbo, níbi tí ihò Màríà Wúńdíá wà. Lọ́dọọdún, ní ìtòsí àjọ̀dún Ìgbàsókè Màríà ti ọjọ́ 15 oṣù kẹjọ, àwọn ènìyàn a máa wọ́ lọ síbẹ̀ láti gbogbo Benin, láti Togo, àti láti ọ̀dọ̀ wa ní Nàìjíríà. Ní 1995 ni Róòmù sọ Dassa di ibùjókòó bíṣọ́ọ̀bù. Gbogbo ìlú tí ó wà láàárín òkè wọ̀nyí, títí kan Aklampa, wà lábẹ́ dáyósíìsì náà.

Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ onírìn-àjò mímọ́ kì í kọjá ẹsẹ̀ òkè Arigbo. Ẹ jẹ́ kí àwa tẹ̀síwájú. Lẹ́yìn Dassa ni Glazoué, ìlú tí títì ńlá àti ojú irin tí ó lọ sí Parakou gbà kọjá. Ọjọ́rú ni ọjọ́ ọjà Glazoué, ọjà náà kì í sì í ṣe kékeré. Iṣu, àgbàdo, ẹ̀pà, sóyà, ìrẹsì, ata, kò sí èyí tí a kì í rí níbẹ̀. Àwọn oníṣòwò ń ti ọ̀nà jíjìn wá, wọn a sì fi ọkọ̀ ńlá kó ẹrù lọ.

Aklampa jẹ́ ọ̀kan nínú àgbègbè 10 tí ó wà lábẹ́ Glazoué. Ní ìhà ìwọ̀ oòrùn ni a ó yà sí kí a tó débẹ̀. Ilẹ̀ ọ̀dàn ni: igi ẹmì tí a fi ń ṣe òrí, igi igbá tí a fi ń ṣe irú, oko iṣu tí a kọ ebè rẹ̀ ní ẹsẹẹsẹ, àti oko kaṣú. Èdè Máhì, tí ó bá èdè Fọ̀n tan, ni ó gbilẹ̀ jù níbẹ̀. Àgbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ará ibẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí ilé-ìwé ti rí níbẹ̀, oko ni kí ó kọ́kọ́ wò.

ILÉ-ÌWÉ LÁÀÁRÍN OKO

Ní Benin, ọdún mẹ́fà ni ọmọ fi ń ka ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Kíláàsì kìíní ni wọ́n ń pè ní CI, èkejì ni CP, lẹ́yìn náà CE1 àti CE2, CM1 àti CM2. Ní òpin ọdún kẹfà ni ìdánwò ìjọba tí à ń pè ní CEP. Ọmọ tí ó bá yege ni ó lè wọ ilé-ìwé girama. Èdè Faransé ni olùkọ́ fi ń kọ́ wọn láti ọjọ́ kìíní.

Ẹ ro ọ̀rọ̀ yìí wò. Ọmọ ọdún mẹ́fà kan jí ní òwúrọ̀, ìyá rẹ̀ fi èdè Máhì pè é. Ó bá ìyá rẹ̀ dé ọjà, ó gbọ́ èdè Ìdáàṣà lẹ́nu àwọn tí ń ra iṣu. Ó wá wọ kíláàsì, ó bá èdè kẹta tí ẹnikẹ́ni kì í sọ nínú ilé wọn. Àwa ní Nàìjíríà náà kò ṣàì mọ ìṣòro yìí. Òun ló fà á tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1970, níbi tí wọ́n ti fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo ẹ̀kọ́ fún ọdún mẹ́fà. Àwọn ọmọ náà ṣe dáadáa, kódà nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ní Aklampa, Faransé ni wọ́n ṣì ń fi ṣe ìdánwò. Nítorí náà, ìwé tí olùkọ́ bá kọ ránṣẹ́ sí òbí, èdè Faransé ni yóò wà.

Ilé-ìwé ní ilẹ̀ náà ti la ọ̀pọ̀ nǹkan kọjá. Àwọn Fadá ẹgbẹ́ SMA gúnlẹ̀ sí Ouidah ní 1861, láti ìgbà náà ni Ìjọ sì ti ń dá ilé-ìwé sílẹ̀. Dahomey di ilẹ̀ tí ó ń kó tíṣà àti akọ̀wé lọ sí ọ̀pọ̀ ilẹ̀ tí Faransé ń ṣàkóso. Ní 1975, ìjọba Kérékou gba ilé-ìwé lọ́wọ́ àwọn ìjọ, ó sọ gbogbo wọn di ti ìjọba. Ẹ óò rántí pé láàárín ọdún wọ̀nyẹn kan náà ni àwọn ìjọba Nàìjíríà gba ti àwa náà. Nígbà tí ó fi di ìparí àwọn ọdún 1980, owó tán nínú àpò ìjọba Benin. Àwọn olùkọ́ kò rí owó oṣù gbà, wọ́n daṣẹ́ sílẹ̀, gbogbo ọdún ẹ̀kọ́ 1988 sí 1989 sì ṣòfò. Kò sí ọmọ tí ó gun kíláàsì ní ọdún náà.

Ní oṣù kejì ọdún 1990 ni àpérò ńlá ti gbogbo orílẹ̀-èdè wáyé ní Kútọnu, tí Bíṣọ́ọ̀bù Isidore de Souza ṣe alága rẹ̀. Òfin ìpìlẹ̀ tí wọ́n ṣe ní ìparí ọdún náà tún fún àwọn ìjọ láyè láti dá ilé-ìwé sílẹ̀, ó sì sọ pé dandan ni kí ọmọ lọ sí ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Síbẹ̀, olùkọ́ kò tó. Ní ọ̀pọ̀ abúlé, àwọn òbí ló ń dá owó jọ láti san fún ẹni tí yóò kọ́ àwọn ọmọ wọn. Ní 2006 ni ìjọba mú owó ilé-ìwé kúrò ní àwọn ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀. Ilẹ̀kùn wá ṣí sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwé, bírò, aṣọ ilé-ìwé àti oúnjẹ ṣì wà lọ́rùn òbí.

KÀLẸ́ŃDÀ MÉJÌ NÍNÚ ILÉ KAN

Ohun tí ó mú ọ̀rọ̀ Aklampa yàtọ̀ sí ti ìlú ńlá ni pé kàlẹ́ńdà méjì ló wà nínú ilé kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan jẹ́ ti ilé-ìwé, èkejì sì jẹ́ ti oko. Àwọn méjèèjì kì í fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ ara wọn.

Ní àárín oṣù kẹsàn-án ni ìwọlé ti máa ń wáyé ní àwọn ọdún tí a wà yìí. Ní àkókò yẹn, iṣu tuntun ti jáde. Ìyá ọmọ ní láti ta iṣu kí ó tó ra ìwé, gbogbo ènìyàn ló sì ń ta iṣu lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí náà owó rẹ̀ kì í gòkè. Oṣù kan ṣáájú ni ìrìn-àjò mímọ́ ti Dassa àti ọdún iṣu tuntun tí àwọn Máhì ń ṣe ní Savalou ní ọjọ́ 15 oṣù kẹjọ. Ọdún dùn, owó sì ti jáde. Òbí tí kò bá fi ọjọ́ ìwọlé sọ́kàn nígbà tí ó ń ṣe ọdún yóò rí i pé ilé-ìwé ti wọlé, kò sì sí ìwé nínú àpò ọmọ.

Lẹ́yìn Kérésìmesì, ọyẹ́ dé, kaṣú bẹ̀rẹ̀ sí pọ́n. Láti oṣù kejì títí dé oṣù kẹrin ni wọ́n ń ṣa á. Ọwọ́ ọmọdé yá nídìí iṣẹ́ yìí, owó sì wà nínú rẹ̀. Ìgbà yìí ni àga máa ń ṣófo nínú kíláàsì. Bí òjò bá ti rọ̀ ní oṣù kẹrin sí oṣù karùn-ún, gbígbin àgbàdo àti ẹ̀pà bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ríro oko. Oṣù kẹfà tí koríko ń le jù lọ, òun náà gan-an ni ìdánwò CEP máa ń bọ́ sí. Bàbá ń fẹ́ ọwọ́ lóko, olùkọ́ ń fẹ́ ọmọ ní kíláàsì fún ìmúrasílẹ̀. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ sì ni Ọjọ́rú ń bọ̀, tí ìyá yóò gbéra lọ sí ọjà Glazoué, tí yóò sì ronú ẹni tí yóò fi ọmọ ọwọ́ sílẹ̀ fún. Ọmọbìnrin tí ó wà ní CE2 ni yóò kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn.

Ẹ má ṣe rò pé òbí wọ̀nyí kò fẹ́ràn ẹ̀kọ́. Oko ni wọ́n fi ń bọ́ ọmọ náà. Ohun tí wọ́n nílò ni kí wọ́n mọ ọjọ́ tó ṣe pàtàkì ní àsìkò tí wọ́n ṣì lè ṣètò iṣẹ́ oko yí i ká. Ẹni tí ó bá mọ̀ láti oṣù kẹta pé oṣù kẹfà ni ìdánwò ọmọ òun, ó lè bá àbúrò rẹ̀ sọ ọ́ kí ó wá bá òun ro oko. Ẹni tí ó gbọ́ ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú kò lè ṣe é.

TA NI YÓÒ SỌ FÚN ÌYÁ ỌMỌ?

Báwo wá ni òbí tí kò ka Faransé ṣe ń gbọ́ ìròyìn ilé-ìwé? Ọ̀nà àkọ́kọ́ ni ọmọ fúnra rẹ̀. Olùkọ́ kọ ọ́ sínú ìwé, ọmọ ni yóò kà á fún bàbá rẹ̀. Ẹ mọ bí ìyẹn ti rí: ohun tí ó bá wu ọmọ ni yóò kà. Bí ó bá jẹ́ pé olùkọ́ ń pe bàbá nítorí pé ọmọ kò wá fún ọjọ́ mẹ́rin, ìwé náà lè sọnù lójú ọ̀nà.

Ọ̀nà kejì ni akéde. Ní àwọn abúlé àárín Benin, akéde ṣì ń rìn káàkiri pẹ̀lú agogo rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí àwọn ènìyàn ti ti oko dé. Èdè ìlú ni ó fi ń kéde, kò sì sí ẹni tí ó ní láti mọ̀wé kí ó tó gbọ́. Bí ọ̀gá ilé-ìwé bá fẹ́ kí ìpàdé òbí kún, ọ̀dọ̀ olórí abúlé ni yóò lọ, kí wọ́n rán akéde jáde. Rédíò tún wà pẹ̀lú, bíi Radio Ilema ní Dassa, tí ó ń fi èdè àwọn ará ibẹ̀ sọ̀rọ̀. Ìkéde lẹ́yìn Mísà kò sì gbẹ́yìn, nítorí ẹni tí ó wà ní ṣọ́ọ̀ṣì yóò sọ fún ẹni tí kò wá.

Ọ̀nà kẹta ni èyí tí a fẹ́ràn jù, òun sì ni àwọn ìyá. Yàtọ̀ sí ẹgbẹ́ òbí tí àwọn ọkùnrin ti sábà máa ń ṣe olórí, ọ̀pọ̀ ilé-ìwé ní Benin ti ní ẹgbẹ́ àwọn ìyá ọmọ ilé-ìwé. Àwọn ìyá yìí mọ ilé ara wọn. Bí ọmọbìnrin kan kò bá wá fún ọ̀sẹ̀ kan, wọn kì í kọ̀wé, wọ́n á lọ jókòó ti ìyá rẹ̀ lẹ́bàá ààrò, wọ́n á sì béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Láti 2017, nígbà tí ìjọba Benin bẹ̀rẹ̀ ètò oúnjẹ ọ̀sán ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tí Àjọ Oúnjẹ Àgbáyé sì ń bá wọn ṣe é, ìdí ìkòkò ilé-ìwé tún di ibi tí ìyá ti ń gbọ́ ìròyìn. Ìyá tí ó wá ṣe oúnjẹ lónìí yóò mọ ọjọ́ ìdánwò kí ó tó padà sílé. Ẹnìkan ní í bímọ, igba ènìyàn ní í bá a tọ́ ọ.

BÍ ÌRÒYÌN KÒ BÁ DÉ

Ẹ jẹ́ kí a mú àpẹẹrẹ kan. Ọmọ tí ó fẹ́ ṣe ìdánwò CEP ní láti ní ìwé ìbí. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí a bí sí abà ni kò ní in, nítorí kò sí ẹni tí ó fi orúkọ wọn sílẹ̀ ní ọ́fíìsì ìjọba. Ọmọ náà lè ka ìwé fún ọdún márùn-ún láìsí wàhálà. Ní ọdún kẹfà ni olùkọ́ yóò béèrè ìwé ìbí. Bí bàbá rẹ̀ bá ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí nígbà tí ọmọ wà ní CE1, ó ní àyè láti wá a. Bí ó bá jẹ́ ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ń fi orúkọ ránṣẹ́ ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́, ẹ̀pa lè má bóró mọ́. Ọmọ yóò jókòó sílé kí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tó wọlé ìdánwò. Ọmọ tí ó bá ti jókòó sílé báyìí, ẹni tí ń wá ọmọ kó lọ kì í pẹ́ rí i.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti kan àwa ní Nàìjíríà gbọ̀ngbọ̀n. Ní 2003, wọ́n rí àwọn ọmọdé Benin tí iye wọn lé ní 200 níbi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta ní agbègbè Abẹ́òkúta, wọ́n sì dá wọn padà sí ilẹ̀ wọn. Kì í ṣe Aklampa ni a gbọ́ pé wọ́n ti wá. Púpọ̀ nínú wọn wá láti àgbègbè Zakpota, ní ìsàlẹ̀ òkè Ìdáàṣà, tí ọkọ̀ tí ń lọ sí Dassa kì í jìnnà sí. Ọmọ tí ó yẹ kí ó di bírò mú ni wọ́n gbé òòlù lé lọ́wọ́. Ní 2006, Benin ṣe òfin pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ mú ọmọ kúrò ní ìlú rẹ̀ láìgba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ìjọba. Òfin dára. Ṣùgbọ́n kí òfin tó dé, àga ọmọ náà nínú kíláàsì ti kọ́kọ́ ṣófo, ẹnìkan sì ti yẹ kí ó béèrè ìdí rẹ̀.

Ẹ̀yin òbí wa ọ̀wọ́n, nínú ilé tiwa pàápàá, ọmọ ọ̀dọ̀ tí ó ti ọ̀hún wá lè wà. Ó ń fọ abọ́, ó ń gbé ọmọ wa lọ sí ilé-ìwé, òun kì í sì í wọ inú ọgbà. Ìròyìn ìwọlé tí a ń tẹ̀ sí ojú ewé yìí, ti òun náà ni. Kí a kà á kàn án.

OHUN TÍ A LÈ ṢE

A kò ní gùn jù. Nínú ohun tí a rí ní ọ̀nà Aklampa, mẹ́rin ni a fẹ́ kí ẹbí kọ̀ọ̀kan mú dání.

Èkíní, kí a kọ ọjọ́ ìwọlé, ọjọ́ ìpàdé àti ọjọ́ ìdánwò sórí ìwé kan, kí a lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjọ́ ọjà àti ọjọ́ òde. Bí ọjọ́ méjì bá kọlu ara wọn, kí a ti mọ̀ láti òkèèrè.

Èkejì, kí ẹni tí ó mọ̀wé nínú àdúgbò ka ìròyìn ilé-ìwé sókè ní èdè abínibí fún ẹni tí kò mọ̀wé. Kò gba ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ lẹ́yìn Mísà.

Ẹ̀kẹta, kí a wo ìwé ìbí ọmọ wa lónìí, kí a má dúró di ìwé mẹ́fà.

Ẹ̀kẹrin, fún ẹ̀yin tí ẹ ń múra àti lọ sí Dassa ní oṣù kẹjọ: bí ẹ bá ti gbàdúrà tán ní ẹsẹ̀ òkè Arigbo, ẹ rántí pé bí oṣù kan péré ni ó kù kí ilé-ìwé wọlé lẹ́yìn òkè yẹn. Ẹ yọ owó ìwé àwọn ọmọ yín sọ́tọ̀ kí ẹ tó wọkọ̀ lọ. Bí ẹ bá sì mọ ẹbí kan níbẹ̀, ìwé méjì àti bírò kan nínú àpò yín kò wúwo.

Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Kí Ọlọ́run bá wa tọ́jú àwọn ọmọ ibí àti àwọn ọmọ ọ̀hún, kí àga wọn má ṣófo. Ó dìgbà kan ná.